Bàtà Wo Ni Kí Ẹ Wọ̀ Lọ Sóko?

Bí ẹ bá wọ ọjà, ẹ ó rí bàtà róbà gígùn tí àwọn ọmọ wa ń pè ní réènbúùtù lórí àtẹ. Síbẹ̀, sílípáàsì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń wọ̀ roko, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wọ nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n, wọn á ní bàtà náà ń mú ooru, ó ń bó àwọn lẹ́sẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń fà á bọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bàtà ló burú, bí a ṣe yàn án ni.

Nítorí ejò gan-an la ṣe ń yọ yín lẹ́nu. Púpọ̀ nínú àwọn tí ejò ń ṣán lóko, ẹsẹ̀ ló ti ń ṣán wọn, láti ọmọ ìka dé ojúgun. Ọká kì í tètè sá fún ìró ẹsẹ̀. Á dùbúlẹ̀ sáàárín ewé gbígbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ, ó di ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bàtà tó mọ ní kókósẹ̀ kò tó. Ẹ ra èyí tó ga tó kù díẹ̀ kó kan orúnkún, tí ẹnu rẹ̀ kò sì fún mọ́ yín lẹ́sẹ̀ pinpin, torí eyín ejò lè gba ara róbà kọjá kó má kan ara yín bí àlàfo bá wà. A ò sọ pé bàtà róbà ń dá gbogbo ejò dúró o. Eyín ọká ńlá inú igbó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ejò bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pa. Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn, ẹ gbé e lọ sọ́síbítù kíákíá.

Ìwọ̀n bàtà ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ẹlòmíràn á kàn wo ojú bàtà, á dúnàá-dúrà, á gbé e lọ sílé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa wọ̀ sí i dání. Ẹ wọ ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí ọ̀kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ. Ẹ rìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń roko, ojú kò tì yín. Kí àyè tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, kí gìgísẹ̀ yín má sì máa yọ sókè bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀. Bàtà tó tóbi jù ni ẹrẹ̀ àkùrọ̀ ń fà bọ́, òun náà ló ń bó ẹsẹ̀. Ẹ̀yin baálé ilé, bàtà yín tí ìyàwó yín ń wọ́ nílẹ̀ lọ sóko ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ààbò fún un. Ẹ ra tirẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí bàtà padà kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kó ní ojú jíjìn bíi táyà ọ̀kadà tuntun, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì yọ dáadáa. Àwọn tí ń gun ẹṣin kì í fi gìgísẹ̀ bàtà ṣeré, torí òun ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ wọ inú irin tí wọ́n ń tẹ̀ lára gàárì. Tiwa ni ebè tí òjò ti rọ̀ sí. Bó bá jẹ́ àlòkù ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́: róbà tó ti gbó á fi ojú sísán wẹ́wẹ́ hàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé igi ńlá, ẹ wá èyí tó ní irin níwájú. Róbà lásán kò lè dá àdá dúró.

Tó bá kan fífọ́n oògùn apakoríko, bàtà awọ tàbí ti aṣọ kò dára rárá. Wọ́n máa ń mu oògùn, kò sì ṣeé fọ̀ kúrò mọ́, ẹsẹ̀ yín ni yóò máa gbà á lójoojúmọ́. Róbà ni kí ẹ wọ̀. Bí ẹ bá ń roko, ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú bàtà kí ìjàlọ má baà gùn yín. Bí ẹ bá ń fọ́n oògùn, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀: kí ṣòkòtò bo ẹnu bàtà níta. Èyí tó bá ṣàn wálẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ ni yóò bọ́ sí, kò ní kún inú bàtà. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tinú-tòde, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú odò tí ẹ ń mu.

Bí ẹ bá dé, ẹ dorí rẹ̀ kodò sábẹ́ òjìji, torí òòrùn àti epo bẹntiróò máa ń ba róbà jẹ́. Kí ẹ tó tún un wọ̀ láàárọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, àkeekèé fẹ́ràn ibẹ̀. Bó bá lu, ẹ gbé e tọ àwọn tó ń lẹ táyà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè bá yín lẹ̀ ẹ́.