Ayẹ̀kọ̀wò MOT àti Páìpù Bíréèkì Land Rover Àtijọ́

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan wà tí kì í ṣe ọlọ́pàá tí kì í sì í ṣe adájọ́, tí kò gbé ọ̀pá àṣẹ kankan dání, ṣùgbọ́n tí ó láṣẹ láti wo ojú olówó àti tálákà kí ó sì sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá yìí léwu, kò gbọdọ̀ padà sójú títì bó ṣe wà. Ayẹ̀kọ̀wò MOT ni ẹni náà; MOT ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún níbẹ̀. Àwọn VIO, ayẹ̀kọ̀wò ìjọba tiwa ní Nàìjíríà, a máa lọ de ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Tiwọn kì í kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, inú ilé ìtúnkọ̀ṣe aládàáni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ni í wà, ọkọ̀ ni yóò sì wá bá a. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí bí oṣù àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́, olúkúlùkù a bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ìró ọkọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1960, nígbà tí Ernest Marples jẹ́ mínísítà ìrìnnà, ni àyẹ̀wò yìí bẹ̀rẹ̀. Kìkì ọkọ̀ tó ti lo ọdún 10 ni òfin kọ́kọ́ mú, ohun mẹ́ta péré ni wọ́n sì ń wò: bíréèkì, iná, àti ìdarí ọkọ̀. Àwọn tó fìdí rẹmi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọdún 10 di 7 ní 1961. Ní 1967 wọ́n sọ ọ́ di 3.

Bí a bá fẹ́ mọ iyì ayẹ̀kọ̀wò yìí, Land Rover àtijọ́ ni ká gbé síwájú rẹ̀: ọkọ̀ a-gòkè-má-mí-hẹlẹ, a-wọgbó-má-wẹ̀yìn, a-bẹ́rẹ̀-jìjàkadì, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé nílùú Amsterdam ní 1948. Àlúmíníọ́mù ni ara rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá wò ó lókèèrè yóò rò pé ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n irin ni ṣásì tó gbé e ró, irin sì ni àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣásì náà kọjá, tí wọ́n ń gbé epo bíréèkì láti abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ìdí táyà. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí yìnyín má bàa dì. Iyọ̀ yìí a pò mọ́ ẹrẹ̀, a lẹ̀ mọ́ páìpù, a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Èyí tó burú jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ Land Rover ìgbà àkọ́kọ́, ìlà kan ṣoṣo ló ń bọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bí ojú kan bá bẹ́, gbogbo bíréèkì lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ ayẹ̀kọ̀wò ni láti rí èyí kó tó ṣẹlẹ̀. Yóò gbé ọkọ̀ sókè, yóò tan iná sábẹ́ rẹ̀, yóò tọ páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, yóò sì rọra ha ibi tó bá fura sí. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta sísanra irin rẹ̀, ọkọ̀ náà fìdí rẹmi nìyẹn. Ẹlòmíràn yóò tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí òun ń wo họ́ọ̀sì rọ́bà, bóyá yóò wú. Ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kó tú ohunkóhun: ibi tí páìpù bá fara pa mọ́ sí, ojú rẹ̀ kò ní í débẹ̀. Mo rò pé èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé nípa ìwé MOT: ẹ̀rí ohun tí ojú rí lọ́jọ́ kan péré ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọlọ́gbọ́n tó ni Land Rover kì í fi í dúró de ọjọ́ tí wọn yóò dá ọkọ̀ rẹ̀ padà kó tó pààrọ̀ páìpù. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi rọ́pò irin ni páìpù àdàpọ̀ bàbà àti níkẹ̀ẹ̀lì, tí kì í dípẹtà, tó sì rọrùn láti fọwọ́ tẹ̀. Bàbà pọ́ńbélé rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n nígbà gbogbo, a máa le títí yóò fi sán, n kò sì ní í gba ẹni tó ń wọ igbó nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹnu páìpù ni iṣẹ́ wà: irinṣẹ́ ni a ó fi fẹ̀ ẹ́ lójú kí ó lè bá ìdè rẹ̀ mu rẹ́gí, oríṣi ìfẹ̀ kan kò sì gbọdọ̀ wọ inú ìdè oríṣi kejì. Ẹni tó bá ti fi sípíríǹgì gbé ọkọ̀ rẹ̀ ga sí i gbọ́dọ̀ wá họ́ọ̀sì tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ìgbà tí táyà kan bá rọ̀ sínú kòtò ni họ́ọ̀sì kúkurú máa ń nà tán. Lẹ́yìn náà ni epo tuntun: DOT 4 tí kò tí ì fa omi kì í hó títí ooru yóò fi tó 230°C, ṣùgbọ́n epo bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, èyí tó bá sì ti fà á tán lè hó ní 155°C, kí pẹ́dàlì rọ̀ mọ́ awakọ̀ lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba yọ ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 40 kúrò lábẹ́ àyẹ̀wò yìí, bí wọn kò bá ti yí ẹ̀yà rẹ̀ pàtàkì padà ní ọdún 30 tó kẹ́yìn. Àlàyé wọn ni pé àwọn tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọn kì í sì í gbé e rìn púpọ̀. Èyí lè jẹ́ òótọ́ nípa ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ Àìkú nìkan. Ti Land Rover tó ṣì ń la odò kọjá, tó ń fa tírélà àgùntàn, n kò gbà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ẹni tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fẹ páìpù lójú ni ojú ẹlòmíràn tọ́ sí jù. Òfin ṣì fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ tí wọ́n yọ náà wà ní ipò tó dára, ìtanràn ẹni tó bá wa ọkọ̀ tó léwu sì lè tó £2,500. Ilẹ̀kùn ayẹ̀kọ̀wò kò tì mọ́ wọn: ẹni tó bá fẹ́ lè gbé tirẹ̀ wá tìfẹ́tìfẹ́, owó tó pọ̀ jù tí òfin là sílẹ̀ ní 2010 sì jẹ́ £54.85.