Disney àti Universal: Ta Ló Ń Borí ní Orlando?

Ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida kò sí létí òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkè kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè torí ẹ̀ rìnrìn àjò. Ọgbà ìgbádùn ló ń fa èrò lọ síbẹ̀ láti gbogbo ayé, iléeṣẹ́ méjì ló sì ń du èrò náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: Disney àti Universal.

Disney ló kọ́kọ́ tẹ̀dó. Orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni wọ́n fi ra ilẹ̀ àbàtà àti igbó níbẹ̀, kí ilẹ̀ má baà gbówó lérí. Walt Disney, olùdásílẹ̀ iléeṣẹ́ náà, kú ní 1966, kò fojú rí ọgbà Magic Kingdom tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Lónìí, ọgbà ńlá mẹ́rin ló wà lórí ilẹ̀ náà.

Oṣù kẹfà ọdún 1990 ni Universal dé, ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn kò sì dára rárá. Ẹja Jaws, ìnàkí King Kong àti ìmìtìtì ilẹ̀ àtọwọ́dá, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń pe èrò ló dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì ṣí ọgbà kejì, Islands of Adventure, ní 1999. Síbẹ̀, ọwọ́ wọn kò tó Disney.

Ọdún 2010 ni nǹkan yí padà. Wọ́n kọ́ abúlé Hogsmeade àti ilé ẹ̀kọ́ Hogwarts inú ìtàn Harry Potter sínú ọgbà kejì yìí. Ìṣirò àwọn onímọ̀ nípa òwò ọgbà fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 èrò ló wọ ibẹ̀ ní 2009. Nígbà tó fi di 2011, iye náà ti tó mílíọ̀nù 7.7. Kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń gbéni sáré nìkan ló fà á. Ọmọ tó ti ka ìwé náà lè wọ ṣọ́ọ̀bù ra ọ̀pá idán, kó mu butterbeer tí kò ní ọtí nínú, kó sì rìn lójú pópó tó ti rí nínú fíìmù. Ní 2014, wọ́n kọ́ Diagon Alley sínú ọgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin so ọgbà méjèèjì pọ̀. Ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò lè wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n òwò pọ́ńbélé!

Disney náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n ṣí ayé Avatar sínú ọgbà wọn Animal Kingdom ní 2017, wọ́n ṣí ti Star Wars ní 2019. Universal fèsì ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 pẹ̀lú Epic Universe, odindi ọgbà tuntun tí ó ní ayé Super Nintendo àti ti àwọn dírágónì. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ìgbà náà tí Disney ti odò Rivers of America pa, èyí tó ti wà nínú Magic Kingdom láti 1971, kí wọ́n lè kọ́ ti fíìmù Cars sí i. Ìpinnu yẹn dun ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń lọ síbẹ̀ láti kékeré, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n, nítorí ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí ara ti ń tuni jù nínú ọgbà náà.

Èwo ni kí òbí wá mú? Ọjọ́ orí ọmọ ló yẹ kó pinnu. Ọmọ kékeré kò lè wọ VelociCoaster, ẹ̀rọ tó ń gbéni sáré lọ́dọ̀ Universal, àfi tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 130; ti Hulk tún béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Magic Kingdom, ìkókó lè gun erin Dumbo lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ní Animal Kingdom, ọkọ̀ ńlá ń gbé tọmọdé tàgbà kọjá láàárín kìnnìún, àgùnfọn àti erin tòótọ́, kò sì sí ohun tí Universal ní tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó fẹ́ eré sísá àti ìbẹ̀rù, ọ̀dọ̀ Universal ni kó kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ ìlà ló kù. Ibi méjèèjì ló ń gba owó lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ dúró pẹ́. Àǹfààní kan wà lọ́dọ̀ Universal: àlejò tó bá sùn sí Portofino Bay, Hard Rock tàbí Royal Pacific máa ń gba ìwé Express, èyí tó ń dín ìdúró lórí ìlà kù, mọ́ owó yàrá, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà méjì àkọ́kọ́. Kò kan Epic Universe.