Kí Ni Ilé Ẹ̀kọ́ Bọ́dìn Amẹ́ríkà Ń Wá Nínú Ohun Tí Ọmọ Ń Ṣe Lẹ́yìn Ìwé?

Ní nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bọ́dìn tó lórúkọ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà máa ń ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, èsì á jáde. Òbí tí wọ́n gba ọmọ rẹ̀ ní títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin láti fèsì. Ìdánwò ìwọlé SSAT máa ń kó àwọn òbí láyà sókè lásìkò yìí, àmọ́ ojú ìwé kan wà nínú fọ́ọ̀mù tó ń dà wọ́n láàmú jù ú lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá to gbogbo ohun tó ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì sílẹ̀, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti iye wákàtí tó ń lò nídìí rẹ̀ lọ́sẹ̀.

Ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ eléré ìdárayá, ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ oníjiyàn kò ní í ṣe wàhálà púpọ̀ kó tó rí nǹkan kọ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kéékèèké kò ní wọn, ọmọ tí òbí ń kọ́ nílé kò sì ní ẹgbẹ́ kankan àfi èyí tó bá wá lọ. Irú wọn gbọ́dọ̀ jáde síta. Kí wọ́n tó jáde, ó yẹ kí wọ́n mọ ìdí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bọ́dìn fi ń béèrè ọ̀rọ̀ náà.

Ilé là á wò

Láti ọdún 1778 ni Phillips Academy ti wà ní Andover, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Phillips Exeter Academy ní New Hampshire tẹ̀lé e ní 1781. Nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì láàárọ̀ lè jẹ́ kóòṣì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó sì tún jẹ́ alábòójútó ilé tí ọmọ ń sùn. Ní ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ẹni tó lè jókòó lásán lẹ́yìn kíláàsì; eré ìdárayá tàbí iṣẹ́ mìíràn di dandan. Ẹgbẹ́ atukọ̀ ń fẹ́ ẹni mẹ́jọ tó lápá, wọ́n sì ń fẹ́ ẹnì kan tó fúyẹ́ tí yóò máa darí wọn. Onífáólìnì lè kún inú ọkẹ́sítírà, kí wọ́n má sì rí ẹni tí yóò fọn oboe. Ní Exeter, láti ìgbà tí Edward Harkness ti fún wọn ní owó ńlá ní 1930, nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ló ń yí tábìlì kan ká pẹ̀lú olùkọ́ wọn, tí gbogbo wọn á máa jíròrò. Bí méjì bá pa ẹnu mọ́, tábìlì náà á mọ̀ ọ́n.

Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tiwọn ni àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù ń wò: àyè wo ló ṣófo, ta ni yóò dí i, ta ni yóò sì lè bá àjèjì gbé láìsí ìyá àti bàbá nítòsí. Ohun tí ọmọ ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi pàṣán lé e ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ẹ̀yìn odi ilé ẹ̀kọ́ fi lè tẹ̀wọ̀n ju ti inú rẹ̀ lọ: ọmọ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a lọ.

Níbo ni wọ́n ti ń rí i?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìkàwé àdúgbò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti ka ìtàn fún ọmọ wẹ́wẹ́, láti to ìwé, tàbí láti bá wọn gbèrò ètò àwọn ọ̀dọ́. Kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Ẹgbẹ́ 4-H, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà ní Ohio ní 1902, ti dé gbogbo ìpínlẹ̀ nípasẹ̀ àwọn yunifásítì tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ lè sin ewúrẹ́ níbẹ̀, ó lè ránṣọ, ó sì lè kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó bá yá, á kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi àfihàn, níwájú adájọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹgbẹ́ Síkáòtù Amẹ́ríkà ti wà láti 1910. Ó di Scouting America ní 2025. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè Eagle Scout níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba báàjì 21, kó sì darí iṣẹ́ kan fún ìlú kó tó pé ọmọ ọdún 18. Ọmọ kíláàsì 8 lè má tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n báàjì tó ti gbà ń sọ ibi tó ń lọ.

Ti ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ni FIRST, tí Dean Kamen dá sílẹ̀ ní 1989. Àwọn òbí àti aládùúgbò lè kó ọmọ bíi mélòó kan jọ sí ilé ẹnì kan, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì tiwọn sílẹ̀. Ti olóye ìṣirò ni ìdíje AMC 8, ìbéèrè 25 ní ìṣẹ́jú 40. Ọmọ tó sì máa ń wo ẹyẹ lè dara pọ̀ mọ́ ètò kíka ẹyẹ ìgbà Kérésìmesì, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1900, tàbí kó máa kọ ohun tó rí sórí ìkànnì eBird, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Àkọsílẹ̀ ọdún méjì tó ní ọjọ́ àti ibi nínú, ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè jà níyàn ni.

Iṣẹ́ ilé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni àwọn ọmọ sábà máa ń gbàgbé. Ọmọ Yorùbá ní Houston tàbí Maryland tó ń lu gángan fún àwọn akọrin lọ́jọọjọ́ Ìsinmi lè rò pé èyí kò tó ohun tí à ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Bákan náà ni ti ọmọ tó ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ní 2016, ìròyìn kan láti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ olùkọ́ ní Harvard, Turning the Tide, rọ àwọn yunifásítì láti ka irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ sí. Yunifásítì ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan ọmọ tí yóò gbé ilé àjùmọ̀gbé nílò àtigbọ́ ọ jù wọ́n lọ.

Owó ńkọ́?

Owó ilé ẹ̀kọ́ àti ibùgbé ní ọ̀pọ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti kọjá 60,000 dọ́là lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Andover àti Exeter kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ. Eré tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ náà máa ń wọ́n. Àpẹẹrẹ kan ni squash, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá mọ́ ògiri. Ní Boston, SquashBusters ti ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní eré yìí láti 1996, wọ́n sì ń bá wọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé. A Better Chance (1963) àti Prep for Prep ti New York (1978) ń wá ọmọ tó mọ̀wé, wọ́n sì ń bá wọn wá àyè. Ọ̀nà A Better Chance ni Deval Patrick gbà láti Chicago dé Milton Academy ní 1970. Ó di gómìnà Massachusetts ní 2007.

Èyí tí kò wúlò

Ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé tí wọ́n ń san owó ńlá fún nínú ọgbà yunifásítì olókìkí kò fi dandan sọ nǹkan nípa ọmọ, yàtọ̀ sí pé òbí rẹ̀ lówó. Ẹgbẹ́ ìrànwọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí fọ́ọ̀mù kù sí dẹ̀dẹ̀, kì í tan ẹni tó ń kà á. Àkójọ nǹkan mẹ́wàá náà kò ṣèrànwọ́. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

Irọ́ ló burú jù. Ní 2019, àṣírí tú pé Rick Singer ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ láti fi èrú bá ọmọ wọn wọ yunifásítì. Òṣèré Lori Loughlin àti ọkọ rẹ̀ san 500,000 dọ́là kí wọ́n lè pe àwọn ọmọ wọn méjèèjì ní atukọ̀, ohun tí wọn kò jẹ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù méjì ni wọ́n dá fún Loughlin. Singer gba ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní bọ́dìn, kò ní í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí àṣírí tó tú: lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kóòṣì yóò ní kí atukọ̀ wọ ọkọ̀.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Kíláàsì 6 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì 7 ló dára jù, nítorí ọdún méjì ń sọ ohun tí oṣù méjì kò lè sọ. Ẹ ṣọ́ ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, kí ẹ wá ibi tí àwọn mìíràn ti ń ṣe é nítòsí. Ọ̀kan tàbí méjì tó. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá àgbàlagbà kan nídìí iṣẹ́ náà, tí kì í ṣe ẹbí, tó lè kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló ní àyè fún un.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n lè bi í léèrè ìgbà tí nǹkan náà sú u àti ohun tó mú un padà. Ọmọ tó bá ní ìdáhùn ti múra sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń dúró de ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yóò lọ kó lè jáwọ́, ẹ tètè jẹ́ kó jáwọ́, kí ẹ jọ wá èyí tó jẹ́ tirẹ̀.