Ìwé Méjì Ni, Ọ̀kan Ni Mo Rà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ń kó aṣọ jọ, àwọn kan ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ. Ní tèmi, lẹ́tà àwọn ará àtijọ́ ni mo ń kó jọ, èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé dáradára tí iye rẹ̀ kò pọ̀. Olùkọ́ sì ni mí. Ẹ mọ bí àpò wa ti rí.

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, mo yà sí ìsọ̀ ẹnì kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti rí California in 1851. Edwin àti Robert Grabhorn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló tẹ̀ ẹ́ ní ìlú náà ní 1933. 500 péré ni wọ́n tẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka ra ojú ewé rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé òjé ti tẹ ibẹ̀.

Louise Clappe, aya dókítà kan, ló kọ lẹ́tà wọ̀nyí. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ gbé Rich Bar àti Indian Bar, lẹ́bàá odò Feather, láàárín àwọn awakùsà wúrà. Lẹ́tà 23 ló kọ sí ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ní Massachusetts, ní 1851 àti 1852, tó fi Dame Shirley ṣe orúkọ. Nígbà tó yá, ó di olùkọ́ ní San Francisco. Ẹ ò rí i pé ará wa ni!

Lọ́jọ́ kan, òun náà ní òun yóò wa wúrà. Ó rí ti dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ǹtì 25, ó sì fi í sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá a ṣírò rẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ rin gbingbin, aṣọ rẹ̀ ya, ìbọ̀wọ́ tuntun bàjẹ́, orí fọ́ ọ, òtútù mú un, píìnì olówó iyebíye tó fi sí àyà aṣọ sì sọnù.

N kò mọ̀ pé irú òwò bẹ́ẹ̀ ni èmi náà fẹ́ ṣe. Owó páànù tí èmi àti ìyàwó mi ń tù jọ ni mo fi ra ìwé náà. Mo bi onísọ̀ bóyá ó pé, ó ní ó pé. Ìgbà tí mo dé Ìbàdàn, tí mo jókòó kà á, ni mo tó mọ̀ pé ìwé méjì ni. Lẹ́tà ti 1852 wà nínú èkejì.

Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo rà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kan bá sọnù, kò sẹ́ni tí yóò fún yín ní ìdajì owó rẹ̀. Mo kọ̀wé sí onísọ̀. Ó fèsì pé ṣebí mo fi ojú ara mi wò ó kí n tó sanwó. Ojú ewé ìkẹyìn ni wọ́n sábà máa ń kọ iye tí wọ́n tẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣí. Èmi, ẹ̀yìn ìwé ni mo ń fọwọ́ pa lórí.

Ìyàwó mi bi mí pé ṣé lẹ́tà kan náà kò sí nínú èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní ọ̀pọ̀? Ó wà. N kò rí èsì fọ̀. Òjò sì ń jò sí yàrá àwọn ọmọ.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kọ̀wé pé òun rí ìwé kejì lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iye tó pè é ju iye tí mo fi ra èkínní lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń wá ẹnìkejì ẹsẹ̀ bàtà kò lè pẹ́ nídìí ọjà kó tó rà á. A sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń tu owó páànù jọ ni. Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó bá mi fi owó díẹ̀ dè é. Ìyàwó mi kò tíì gbọ́. Inú ìwé ìròyìn yìí ni yóò ti kà á.