Ìwé Ìròyìn Kọ̀ǹpútà Wo Ni Kí A San Owó Ọdún Fún?

Ìwé ìròyìn Popular Electronics ti oṣù kìíní ọdún 1975 ni ó gbé àwòrán ẹ̀rọ Altair 8800 sí èèpo iwájú. Paul Allen rí i lórí àtẹ ìwé ní Harvard Square, ó rà á, ó sì sáré gbé e tọ Bill Gates ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, débi pé kí ọdún náà tó parí, àwọn méjèèjì ti dá Microsoft sílẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe oṣooṣù ni irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ìrètí rẹ̀ ni ó ń mú kí ènìyàn san owó ọdún kan sílẹ̀ fún ohun tí a kò tíì kọ.

Kí olówó tó tú àpò, ó yẹ kí ó wádìí ẹni tí a ń kọ ìwé náà fún, nítorí iṣu ni ewùrà pẹ̀lú, síbẹ̀ a kì í fi í gúnyán. BYTE, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1975, wà fún ẹni tí ó fẹ́ tú ikùn ẹ̀rọ wò. PC Magazine, tí ó dé ní 1982, ń dán ẹ̀rọ wò fún ẹni tí ó fẹ́ ra ọ̀kan. Ti Computer Shopper sì yàtọ̀ pátápátá, nítorí ìpolówó ọjà gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ rà á, tí ẹ̀dà kan fi ń ju 800 ojú ìwé lọ ní àsìkò ògo rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ìpolówó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, bí kò ṣe kí ó gun orí ìdájọ́, nítorí ẹnu tí ó ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bí ìwé kan bá yin gbogbo ẹ̀rọ tí ó dán wò, tí kò sọ iye wákàtí tí bátìrì lò, tí kò sì sọ bí ó ti wọn ìyára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lórí àtẹ. Ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún méjì sẹ́yìn kà: iye owó ọjà inú rẹ̀ á ti di èkọ àná, ṣùgbọ́n bí àlàyé rẹ̀ bá ṣì ń kọ́ni lọ́gbọ́n, ìwé gidi ni. Ẹ̀dà BYTE ti oṣù kẹjọ ọdún 1981, tí ó sọ̀rọ̀ nípa èdè Smalltalk, ni àwọn onímọ̀ ṣì ń tú wò di òní.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dínwó ọdún mẹ́ta tàn yín. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún: BYTE kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1998, PC Magazine kò tẹ̀wé mọ́ láti 2009, PC World ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2013, Maximum PC sì tẹ ẹ̀dà àtẹ̀kẹ́yìn rẹ̀ ní 2023. Ọdún kan péré ni kí ẹ san. Bí ó bá sì jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹ ó ṣì lè ṣí àwọn ẹ̀dà tí ẹ ti sanwó wọn bí ẹ kò bá san owó mìíràn mọ́, nítorí àpótí ìwé tiwa nínú yàrá kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó ni ín.