Ẹ̀rọ, Agbọ́nmi àti Ilẹ̀kùn-Òkun: Ọ̀rọ̀-Iṣẹ́ fún Ètò Omi inú Ọkọ̀ Onígbòkun

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò lójoojúmọ́ fún ohun tí ń fa omi jáde láti inú kànga àti fún ẹnu páìpù tí omi ti ń dà sínú garawa ní ẹ̀yìnkùlé: ẹ̀rọ ni àwọn méjèèjì. Nínú ilé, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ìyá bá ní kí ọmọ pa ẹ̀rọ, ọmọ mọ èyí tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá kọ “pa ẹ̀rọ” sínú ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ onígbòkun, tí ẹni tí ń kà á sì wà lójú òkun lóru, tí omi ti mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, àṣẹ náà di ewu. Ó lè pa ohun tí ń da omi nù, kí ó sì fi ihò tí òkun ń gbà wọlé sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe ọkọ̀ apẹja tí ń lọ láti etí ọ̀sà kan sí èkejì. Ó gùn tó mítà 10 tàbí 12, ìdílé kan lè gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n sì fi la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Ó ní ilé ìdáná, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì ní ẹ́ńjìnnì tí omi òkun ń mú tutù. Omi mímu wà nínú táǹkì. Afami kékeré tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́ ni ó ń tì í dé ẹnu ẹ̀rọ omi. Èyí kò le. Ó jọ ti ilé. Omi òkun ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, nítorí pé kí ó tó lè wọlé tàbí kí ó jáde, wọ́n ní láti lu ara ọkọ̀, púpọ̀ nínú àwọn ihò náà sì wà ní ìsàlẹ̀ ìlà-omi.

Ojú ihò kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a ń fi ọwọ́ yí láti ṣí i tàbí láti tì í. Àwọn mẹ́káníìkì ń pe irú rẹ̀ ní fáàfù. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó wà ní òdì kejì fún òǹkàwé. Ilẹ̀kùn-òkun sàn jù ú lọ, nítorí pé ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ wá: ilẹ̀kùn ni a ń ṣí, tí a sì ń tì, a kì í tan ilẹ̀kùn. Bí olùtumọ̀ bá fi “ṣí” àti “tì” sílẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ ń yí, tí ó sì fi “tan” àti “pa” sílẹ̀ fún ohun tí iná mànàmáná ń gbé ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Iye omi tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Bí rọ́bà ara ilẹ̀kùn-òkun bá já, tí ihò náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, tí ó sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí ìsàlẹ̀ ìlà-omi, òfin tí Torricelli, ará Ítálì, fi lélẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fi hàn pé omi yóò máa ya wọlé ní ìwọ̀n mítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́yìn tí a bá yọ ohun tí etí ihò ń dín kù, nǹkan bíi lítà 140 ni yóò wọlé ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe garawa onílítà 10 mẹ́rìnlá. Bí fífẹ̀ ihò bá di ìlọ́po méjì, omi yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi báńdì irin méjì di ẹnu rọ́bà kan, tí wọ́n sì ń so èdídí igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn-òkun kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn tí wọn kò bá ṣí kí wọ́n sì tì láti ìgbà dé ìgbà a máa gan. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ kò ní yí.

Ohun tí wọ́n fi rọ ọ́ tún mú ìṣòro mìíràn wá. Idẹ ni Yorùbá ń pe bàbà tí a pò mọ́ síǹkì, idẹ náà ni ó sì ń pe bàbà tí a pò mọ́ tánganran. Nínú omi òkun, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Omi iyọ̀ a máa fa síǹkì jáde díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ti àkọ́kọ́, àyàfi èyí tí wọ́n bá fi èròjà ààbò sí. Bàbà tí ó kù a dà bí kànìnkànìn, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n rẹ́súrẹ́sú, títí di ọjọ́ tí ẹnìkan yóò fi ọwọ́ kàn án tí yóò sì kán. Èkejì a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún. Idẹ onísíǹkì àti idẹ onítánganran ni ó yẹ kí ìwé ìtọ́ni máa wí. (Àbùkù yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, orúkọ idẹ onítánganran ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ síǹkì ni ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn.)

Omi tí ó bá wọlé, ìdí ọkọ̀ ni yóò ṣàn lọ. Níhìn-ín, èdè kò nílò àyálò kankan. Kí ẹ̀rọ tó dé ni àwọn apẹja ti ń fi igbá gbọ́n omi inú ọkọ̀ wọn. Gbígbọ́n yàtọ̀ sí pípọn, ó sì yàtọ̀ sí fífà. Láti ara “gbọ́n” ni agbọ́nmi ti wá, fún ohun tí ń da omi ìdí ọkọ̀ padà sókun. Iye omi tí wọ́n kọ sí ara àpótí rẹ̀, ibi tí omi kò ti ní òkè láti gùn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gun mítà kan tàbí méjì, tí bátìrì sì ti rẹ̀, yóò dín kù gan-an. Garawa omi kan tí wọ́n bá dà sí ìdí ọkọ̀ lóṣooṣù yóò fi hàn bóyá agbọ́nmi náà ń tan fúnra rẹ̀. Irun orí ni ó sábà máa ń dí i.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ rì láìjẹ́ pé ohunkóhun já. Àwo rẹ̀ sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ìlà-omi. Ẹni tí ó bá ti fi ẹnu fa bẹntiróòlù rí gba inú rọ́bà láti inú táǹkì mọ́tò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀: nígbà tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, kò nílò ẹnu mọ́. Ìfàṣàn ni orúkọ tí ó bá a mu. Òkun lè ṣe bẹ́ẹ̀ gba inú rọ́bà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó kún àwo, kí ó kún ọkọ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá sùn. Ìgbọ̀nwọ́ eléèémí ni ó ń dá a dúró: wọ́n a gbé rọ́bà náà ga kọjá ìlà-omi, àní nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tẹ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n a sì fi ihò kékeré sí góńgó rẹ̀ tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí omi jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń já ìfàṣàn. Olùtumọ̀ tí ó bá pe ibẹ̀ ní ihò lásán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún òǹkàwé pé kí ó dí i. Iyọ̀ pẹ̀lú a máa dí i. Omi gbígbóná tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́.