Páálí Àwo Orin gẹ́gẹ́ bí Àrokò: Lemi Ghariokwu àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láyé àtijọ́, bí ẹni pàtàkì kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn, ó lè di àrokò lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá di ẹyọ owó mẹ́fà, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ń fà sí òun. Bí ó bá di mẹ́jọ, ó mọ̀ pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Yorùbá yóò rí ẹyọ owó. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rí ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni irú àrokò kan tí ó jẹ́ ti ayé òde òní, èyí tí ó wà lójú gbogbo wa tí a kò sì kà á sí ohun kíkà. Páálí tí a fi ń bo àwo orin ni mo ń wí. Ẹni tí n ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ni Lemi Ghariokwu, ẹni tí ó ya páálí 26 fún àwọn àwo Fela Aníkúlápó-Kútì.

Ohun tí ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ìlú London, mo wọ ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta àwo orin àtijọ́. Lára ògiri, nínú férémù onígíláàsì, ni mo ti rí páálí àwo *Alagbon Close*. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé irú rẹ̀ gan-an ni a fi dí ojú fèrèsé tí ó fọ́ nínú ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà. Ojú tì mí díẹ̀. Kì í ṣe iye owó tí wọ́n kọ sí i ni ó tì mí lójú, bí kò ṣe pé mo ti ń wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì kà á rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ìlú Èkó ni a bí Ghariokwu sí ní ọdún 1955. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Ojú ni ó fi kọ́ ọ, ọwọ́ ni ó sì fi dán an wò. Lára àwọn tí iṣẹ́ wọn wú u lórí ni Roger Dean, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ya erin abìyẹ́ sí ara àwo àwọn ẹgbẹ́ olórin Osibisa ní 1971.

Àwòrán Bruce Lee, gbajúmọ̀ eléré sinimá nì, ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Ghariokwu yà á, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ilé ọtí kan ní àdúgbò rẹ̀. Ní 1974, akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, rí i níbẹ̀, ó sì béèrè ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19 ni wọ́n fi hàn án. Harrison ní kí ó ya àwòrán Fela wá. Nígbà tí ó sì rí i pé ó jọ ọ́, ó mú ayàwòrán àti àwòrán lọ bá Fela nílé. Inú Fela dùn gidigidi, ó sì kọ sọ̀wédowó fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbà á. Ó ní ẹ̀bùn ni òun mú wá. Ni Fela bá kọ ìwé pélébé kan fún un, pé kí wọ́n máa jẹ́ kí ó wọ ibi eré òun lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé pélébé yìí ni a lè pè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀. Àṣà Fela ni láti máa kọ orin tuntun lójú agbo fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó lọ gbà á sínú àwo. Nítorí náà, kí orin kan tó di àwo, Ghariokwu ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ó ti rí ibi tí àwọn ènìyàn ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Ó tún ń gbọ́ àríyànjiyàn nípa ìṣèlú ilẹ̀ Áfíríkà nínú ilé náà. Ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé.

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwòrán

Ní oṣù November 1974, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé Fela, wọ́n sì ṣe é léṣe. Àwo *Alagbon Close* ni páálí àkọ́kọ́ tí Ghariokwu yà fún un. Àlàgbọn ni ibi tí olú-ilé-iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà nígbà náà ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti há Fela mọ́. Nínú àwòrán náà, Fela dúró gàgàrà, ó ń jó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sì ti já. A rí ọgbà ẹ̀wọ̀n, a rí ilé Fela tí ó dúró digbí, a sì rí ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá tí ẹja ńlá kan ń dojú rẹ̀ délẹ̀.

Kò sí ẹja kankan nínú orin náà. Ayàwòrán ni ó mú un wá. Orin ń sọ ìyà tí wọ́n fi jẹ ènìyàn. Àwòrán ń sọ ohun tí yóò gbẹ̀yìn ìyà náà. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá tún lè kà á síwájú sí i, nítorí pé àbùùbùtán ni à ń pe ẹja yìí, èyí tí a bù títí tí a kò lè bù tán. N kò sọ pé ìtumọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ó yà á. Ohun tí mo ń wí ni pé bí àrokò bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í, ọgbọ́n ẹni tí ó tú u ni ó kù.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo *Yellow Fever* ti ọdún 1976. Orin náà ń bá àwọn tí ń bó àwọ̀ ara wọn wí. Ghariokwu ya obìnrin kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti di àbùlà, tí ibì kan dúdú tí ibì kan sì pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó ya ìkunra tí ó ṣe é léṣe, ó sì sọ ọ́ ní Soyoyo. Létí tèmi, orúkọ náà ń mú "yòò" wá sọ́kàn, ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe ohun tí ó pọ́n tí ó sì ń tàn. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìkìlọ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tí ó ń wá ìtànṣán ni egbò ń yọ sí lára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára ìkunra ti ṣe iṣẹ́ ìwàásù.

Ní ti *Zombie*, èyí tí ó fi àwọn ọmọ-ogun tí kì í ronú kí wọ́n tó ṣe ohun tí a bá pa láṣẹ ṣe yẹ̀yẹ́, fọ́tò àwọn sójà gan-an ni Ghariokwu gé tí ó sì lẹ̀ pọ̀. Kò nílò láti sọ wọ́n di ẹ̀rù. Bí orin bá ti ń dún, ojú àwa fúnra wa ni yóò parí iṣẹ́ náà.

Èrò Ghariokwu nípa iṣẹ́ rẹ̀ hàn gbangba nínú èyí. Kò gbà pé ohun tí orin ti sọ ni kí àwòrán tún máa sọ. Ó ń gbọ́ orin, ó ń rò ó, lẹ́yìn náà ni ó ń dá sí i. Ipò rẹ̀ dà bí ti ìyá ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin: ó ń gbè é, ṣùgbọ́n ó ní ohùn tirẹ̀.

Ìgbà tí ohùn méjì kò ṣọ̀kan

Irú òmìnira bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ó ń náni. Ní ọjọ́ 18 oṣù February 1977, àwọn sójà kọlu ilé Fela, wọ́n sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Ní ọdún kan náà ni ọ̀rọ̀ páálí *Sorrow Tears and Blood* délẹ̀. Àwòrán tí Ghariokwu yà kò tẹ́ Fela lọ́rùn, kò gbà á, àwọn méjèèjì sì pínyà fún ọdún bíi mélòó kan.

Ó rọrùn láti gbè sẹ́yìn ayàwòrán kí a sì sọ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó ya ohun tí ó rò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Fela ni wọ́n sun ilé rẹ̀. Ara rẹ̀ àti ara ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi san gbèsè orin. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù lè fẹ́ kí àwòrán sọ ìrora òun gan-an, láìfi àlàyé ẹlòmíràn kún un. Ní ìdà kejì, bí Ghariokwu bá jẹ́ ẹni tí ń ya ohun tí a bá ti ní kí ó yà, a kì bá tí rí àbùùbùtán, a kì bá sì tí rí Soyoyo. Mo rò pé ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí ìjà náà fi yẹ ní kíkẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún padà ṣiṣẹ́ pọ̀. *Beasts of No Nation* ti ọdún 1989, níbi tí Botha, Reagan àti Thatcher ti hù ìwo, wà lára èso ìrẹ́pọ̀ kejì náà.

Ohun tí ó kù fún wa

Páálí àwo àtijọ́ fẹ̀ tó ínṣì 12 ní ìbú àti ní òró. Àyè wà níbẹ̀ fún ẹja, ọkọ̀ ojú omi àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ó yá, àwo kéré sí i. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń rí àwòrán orin, kò sì ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Àwọn ará òkè òkun ti mọ iyì àwọn ti àtijọ́; ní 2003, iṣẹ́ Ghariokwu wà nínú ìpàtẹ tí wọ́n ṣe nípa Fela ní New Museum ní ìlú New York.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ẹ mú páálí kan wọ kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ orin, kí wọ́n tó wo àwòrán. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí orin sọ tí àwòrán kò sọ, àti ohun tí àwòrán sọ tí orin kò sọ. Láàárín méjèèjì ni wọn yóò ti rí ohun tí àwọn baba wa ń pè ní àrokò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pẹ̀lú, bí ẹ bá lọ sílé ní àkókò ìsinmi, ẹ wo abẹ́ ibùsùn, ẹ wo orí àjà, ẹ sì wo ojú fèrèsé. Ohun tí ó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ń dúró de ẹni tí yóò sọ ọ́ di odindi, kí òjò tó fọ̀ ọ́ tán.